Ó Ti Kọ̀yìn sí Mi Kí N Tó Yìnbọn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹ bá mi fara balẹ̀, torí èmi fúnra mi ò lè fara balẹ̀. Ọ̀la ni ẹjọ́ mi. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo pa èèyàn. Mo sì gbé e ka bàbá mi lórí, mo dúró, mò ń wò wọ́n.

Oko adìyẹ ni èmi àti bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń ṣa ẹyin, èmi ni mò ń fún adìyẹ lóúnjẹ, èmi náà ni mò ń kó ìgbẹ́ wọn. Bàbá mi ni gáàdì. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan wà lọ́wọ́ wọn, orúkọ wọn ló wà nínú ìwé àṣẹ rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Bí mo bá ti sún mọ́ ọn báyìí, wọ́n á ní, "Ìwọ, gbọ́wọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀. Ìbọn ò mọ ọmọ, kò mọ bàbá."

Àmọ́ ojú ò kúkú ní ìlẹ̀kùn. Mo ti ń wò wọ́n tipẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ki ọta sí i, mo sì mọ ibi tí wọ́n ń fi ìka sí.

Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, adìyẹ wa ń dín. Lónìí mẹ́fà, lọ́túnla mẹ́wàá. Mánijà wa jẹ́ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bí inú bá ń bí i, ńṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín. Ó pe bàbá mi síwájú gbogbo wa.

Ó ní, "Bàbá gáàdì, ṣé adìyẹ ń fò lọ sọ́run ni? Àbí ẹ kàn gbé ìbọn yẹn kọ́rùn fún ọ̀ṣọ́ ni?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, Ọlọ́run dárí jì mí. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ọta sínú ìbọn sílẹ̀.

Sátidé ló ṣẹlẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Àwọn tó kù ti bá ọkọ̀ ẹyin lọ. Omi ò dà mọ́, bàbá mi ní ó ní láti jẹ́ pé nǹkan ló dí páìpù lókè táǹkì. Èèyàn ò sì lè gbé ìbọn gun táǹkì. Wọ́n fi í kọ́ sára ògiri yàrá gáàdì.

Wọ́n ní, "Dúró ti géètì. N ò ní pẹ́."

Mi ò dúró ti géètì. Ẹyin ilé adìyẹ kẹta ló wà lọ́kàn mi, mo fẹ́ tètè ṣa á kí n lè sinmi. Mo gbé kíréètì, mo wọlé.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀.

Kò jù mí lọ. Ó wọ sílípáàsì, ó gbé àpò kan tí adìyẹ ń jà nínú ẹ̀ síbi ẹsẹ̀, àdá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kí n tó lanu, ó ti gbé e sókè, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi.

"Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀.

"Gbé kíréètì yẹn lórí."

Mo gbé e lórí.

"Tí ẹyin kan bá fọ́, orí ẹ ló máa tẹ̀ lé e."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí. Ẹ máa kó wọn lọ. Èmi kọ́ ni mo ni wọ́n."

"Ta ló bi ọ́?"

Àdá yẹn tutù lọ́rùn mi. Ibẹ̀ ni mo ti tọ̀ sára. Mi ò mọ̀gbà tó jáde, mo kàn gbọ́ ọ tó ń gbóná lọ sínú bàtà òjò tí mo wọ̀. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Yé, ọkùnrin mẹ́ta! Ìtọ̀ nìyẹn àbí ẹyin ló fọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ẹnu àpò tú, adìyẹ bẹ́ jáde, wọ́n fọ́n ká. Ó yí padà láti lé wọn. Mo ju kíréètì sílẹ̀, mo sá jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí. Mo ti jáde. Mo ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn mi, àgádágodo wà lára ẹ̀. Ká ní mo tì í ni, ká ní mo figbe ta sí bàbá mi lórí táǹkì, èmi kọ́ ni ǹ bá máa kọ ìwé yìí. Bàbá mi ò jìnnà, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu páìpù, kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀.

Àmọ́ ṣòkòtò mi tutù. Ẹ̀rín ẹ̀ ṣì wà létí mi.

Mo sáré lọ sí yàrá gáàdì. Mo já ìbọn náà lára ògiri. Mo sáré padà.

Bó ṣe rí ìbọn, àdá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ilé adìyẹ wa ní ilẹ̀kùn méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ó gba tẹ̀yìn jáde, ó sáré gba orí sìmẹ́ńtì lọ sídìí ògiri ọgbà. Mo tẹ̀ lé e. Ó dé ìdí ògiri. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mò ń wò, ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tó ti ṣá léjìká.

Mo yìn ín.

Ìbọn yẹn gbá mi láyà bí ìpá ẹṣin. Adìyẹ ẹgbẹ̀rún méjì ké lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sá jọ sí igun kan, wọ́n ń gun ara wọn pa. Lẹ́yìn náà, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́.

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí táǹkì bí ọmọdé. Wọ́n dé, wọ́n wo èèyàn tó wà nílẹ̀, wọ́n wo ìbọn tó wà lọ́wọ́ mi.

"Kí lo ṣe? Kí lo ṣe?"

"Àdá ló yọ sí mi, bàbá."

"Ó ń bọ̀ wá bá ọ ni?"

Ìbéèrè yẹn, ẹ ò mọ bó ṣe rí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún èèyàn tí ilé ń jó mọ́. Mo gba ibẹ̀ jáde.

"Ó ń bọ̀ wá bá mi ni. Ó fẹ́ bẹ́ mi lórí."

"Wò mí lójú."

Mo wò wọ́n lójú. Mo ní, "Bàbá, bí mi ò bá yìn ín, òkú mi lẹ̀ bá bá nílẹ̀."

Ara wọn wálẹ̀. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni gba ọmọ jòjòló.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún mi níwèé ìbọn yìí, wọ́n kà á sí mi létí. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ wá gbẹ̀mí ẹ, tí o ò sì rọ́nà sá, òfin á gbè ọ́. Àmọ́ ìwọ ò níwèé, èmi ni mo níwèé. Tí wọ́n bá dé, èmi ni mo yìn ín. Ṣé o gbọ́?"

"Bàbá, ẹ má..."

"Dákẹ́. Irọ́ kékeré ni. Òótọ́ tó wà nídìí ẹ̀ ló máa gbà wá. Ó yọ àdá, ìbọn dá a lóhùn. Ọwọ́ ta ni ìbọn wà, ìyẹn ò pa ẹnì kankan lára."

Òótọ́ tó wà nídìí ẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni wọ́n fẹsẹ̀ lé, bí ẹni fẹsẹ̀ lé pákó tí ikán ti jẹ tán. Èmi tí mo mọ̀ pé ikán wà níbẹ̀, mo panu mọ́.

Wọ́n lọ tẹ àwọn ọlọ́pàá láago. Omi ti ń dà nígbà yẹn. Mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fọ ṣòkòtò mi, torí ìtìjú. Mo fọ bàtà òjò mi, mi ò tiẹ̀ mọ ìdí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ nínú, mo họ ọ́ níta, mo họ ọ́ nísàlẹ̀. Ó ń dán.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò lò tó wákàtí méjì.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wá, obìnrin ni. Ó tóbi díẹ̀, ohùn ẹ̀ sì tutù bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọlọ́pàá ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ kékeré tẹ̀ lé e. Bàbá mi rò ó fún un, wọ́n fi ọwọ́ júwe.

"Ó gbé àdá sókè, ó ń bọ̀ wá bá mi. Mo ní kó dúró, kò dúró. Ni mo bá yìn ín."

Ó ní, "Ẹ kú ewu, bàbá." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri.

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín nípa oko adìyẹ. Lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn, páànù pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń da ẹfun sí. Ẹni tó ń wọlé á tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń jáde á tẹ̀ ẹ́, kí àrùn má bàa bá ẹsẹ̀ wọlé. À ń tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́. Ojú wa ò rí i mọ́. Ojú àlejò ló rí i.

Ó dúró lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn ilé. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá bá mi wo nǹkan."

Ojú ẹsẹ̀ funfun pọ̀ nílẹ̀. Ti sílípáàsì ṣáájú, ó ń lọ tààrà sídìí ògiri. Ti bàtà òjò tẹ̀ lé e, ó dúró ní bí ìṣísẹ̀ mẹ́jọ sí ògiri.

"Ẹ ní ó ń bọ̀ wá bá yín. Ẹsẹ̀ yìí ń lọ ni o, bàbá. Ẹyọ kan ṣoṣo ò bọ̀ níbẹ̀. Àdá tẹ́ ẹ sọ sì wà nínú ilé lọ́hùn-ún, adìyẹ kan tiẹ̀ dúró lé e lórí."

Bàbá mi wo ilẹ̀. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n wò mí. Mo yáa ń wo adìyẹ.

"Bàbá, sáńdà lẹ wọ̀. Ta ló wọ bàtà òjò?"

"Èmi ni," wọ́n ní. Ẹ gbọ́ o. Wọ́n ti mọ̀ báyìí, wọ́n ti mọ̀ pé mo purọ́ fún àwọn, wọ́n ṣì ní, "Èmi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ ni."

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ mi. "Nílé àwọn òbí mi, adìyẹ là ń sìn. Mi ò tíì rí bàtà tó ń dán báyìí nídìí ìgbẹ́ adìyẹ rí. Ọmọkùnrin, bọ́ ọ."

Mo bọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ ní tiyín ni. Ẹ wọ̀ ọ́."

Bàbá mi jókòó sórí garawa oúnjẹ adìyẹ kan tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Ẹsẹ̀ wọn tóbi ju tèmi lọ dáadáa, ìdúró ojoojúmọ́ sì ti jẹ́ kó wú. Wọ́n ki ìka bọ̀ ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Kò wọlé. Wọ́n dìde, wọ́n ń fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀, òógùn ń kán lágbọ̀n wọn.

"Ó ń wọlé," wọ́n ní. "Ẹ fún mi láyè. Ó ń wọlé."

Ọlọ́pàá kékeré yẹn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé ojú ẹsẹ̀ ni mo ti figbe ta. Irọ́ ni. Mo jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú ti ọ̀tún. Awọ bó lẹ́yìn ẹsẹ̀ wọn, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n mú tòsì. Mo tún jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú tòsì. Ẹsẹ̀ tèmi wà nílẹ̀ lásán, mo dúró bí òpó.

Obìnrin náà ní, "Bàbá, ó tó."

Bàbá mi ní, "Ó kù díẹ̀."

Ó kù díẹ̀ yẹn ló fọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀. Èmi ni mo yìn ín."

"Mo mọ̀," obìnrin náà ní. "Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Bàbá mi ò pariwo. Wọ́n gbé bàtà náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó tò dáadáa. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti kọ̀yìn sí ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ṣé o ti jáde kúrò nínú ilé kó o tó wá mú ìbọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo bi ọ́," wọ́n ní. "Mo ní kó o wò mí lójú."

Látìgbà náà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n kó àwa méjèèjì: èmi torí pé mo pa èèyàn, àwọn torí pé wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ láìṣọ́, wọ́n sì parọ́ fún ọlọ́pàá. Yàrá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n tì wá mọ́. Mò ń gbọ́ ikọ́ wọn. Bí mo bá ní, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀," ikọ́ náà á dákẹ́.

Lọ́yà tí wọ́n fún mi kò dàgbà púpọ̀. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó fi bírò họ orí.

Ó ní, "Òfin ò ní kó o na ọrùn fún àdá. Ká ní ìgbà tó gbé e sí ọ lọ́rùn lo rí nǹkan fi dá a dúró ni, tó bá tiẹ̀ kú síbẹ̀, ẹ̀rín ni ǹ bá máa rín báyìí. Àmọ́ ewu ló ń fúnni láṣẹ yẹn. Nígbà tó o jáde, ewu ti tán. Nígbà tó ju àdá sílẹ̀ tó sá, àṣẹ náà tún tán lẹ́ẹ̀kejì. Kí lo padà lọ mú?"

Mo ní, "Adìyẹ wa ló ń jí."

"Òfin ò fi èèyàn dípò adìyẹ. Sọ òótọ́."

Mo ní, "Ó fi mí ṣẹ̀sín."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìtìjú ò sí nínú ìwé òfin, arákùnrin." Ó wá fà sún mọ́ mi, ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ àfi ìwọ. Mi ò ní kó o purọ́ o. Mo kàn ń bi ọ́ ni. Nígbà tó dé ìdí ògiri, ṣé ọwọ́ ẹ̀ ò lọ síbàdí ni? Bí ẹni fẹ́ yọ ọ̀bẹ míì? Torí tẹ́rù bá tún bà ọ́ nígbà yẹn, ẹjọ́ á yàtọ̀."

Ìlẹ̀kùn yẹn ni wọ́n tún ṣí fún mi, ṣé ẹ rí i.

Mo ní, "Bóyá."

Ó kọ "bóyá" sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìyá ẹ̀ wá. Ìyá ọkùnrin náà. Obìnrin kúkúrú kan, iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ṣì wà láyà aṣọ ẹ̀, ó gbàgbé láti yọ wọ́n. Ọ̀gá ọlọ́pàá mú un wá síwájú irin yàrá tí wọ́n tì mí mọ́. Lọ́yà mi wà níbẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Ó ní, "Dìde. Mi ò wá bá ọ jà. Wọ́n ti sọ fún mi pé àdá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo mọ ọmọ mi, mo ti bá a wí, ẹnu mi ti bó. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀, kí n lè sùn. Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Lọ́yà mi gbọn orí sí mi, díẹ̀ báyìí. Ikọ́ dákẹ́ ní yàrá kejì.

Ohun tó kù tí mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan, tí mo fi pa mọ́ fún ẹ̀yin náà lókè, òun nìyí. Nígbà tó dé ìdí ògiri, kò gùn ún. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ó tẹ́ ìka ẹ̀ sílẹ̀ kí n lè rí wọn. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Mo ti jù ú sílẹ̀ o. Mo ti jù ú sílẹ̀. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n máa lọ sílé."

Mo gbọ́ ọ. Ó yé mi. Mo sì yìn ín.

Bí mo bá sọ ọ́ fún ìyá yìí, "bóyá" ti kú nìyẹn. Ọwọ́ tó wà lára ògiri ò lè wà níbàdí. Ìyá náà dúró, ó di irin mú. Mo ro ọdún tí mo máa lò. Mo ro bàbá mi tí wọ́n jókòó lórí garawa.

Mo sọ ọ́ fún un. Gbogbo ẹ̀, bó ṣe sọ ọ́.

Ó ní, "Ó ní òun fẹ́ máa bọ̀ nílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó fi ọwọ́ nu irin náà, bí ẹni ń nu eruku kúrò lára nǹkan. Ó ní, "O ṣé."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi. Ó yí padà, ó lọ.

Lọ́yà mi pa báàgì ẹ̀ dé. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tó o ṣe?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ní yàrá kejì, bàbá mi ń sunkún. Wọn ò pè mí. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì pè mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìbọn nílé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọ̀bẹ sábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò lẹ́nu láti kọ́ yín. Bí wọ́n bá gbé àdá lé yín lọ́rùn, ẹ gba ara yín là. Àmọ́ bí ẹ bá ti bọ́, tẹ́ ẹ bá tún rí ara yín tẹ́ ẹ̀ ń sáré padà, ẹ dúró. Ẹ bi ara yín pé kí lẹ gbàgbé síbẹ̀. Ohun tí èmi gbàgbé síbẹ̀ kò ju ẹ̀rín ọkùnrin kan lọ.

Ọ̀la, adájọ́ máa bi mí níbi tí ọwọ́ ẹ̀ wà. Màá ní, méjèèjì wà lára ògiri, olúwa mi.